Ìlú olódi Rothenburg pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta àti ìyá àgbà: ṣé ká sùn síbẹ̀ ni, àbí ká lọ ká bọ̀?

Ìyá Àdùkẹ́ (Offenbach)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará wa. Ìyá ọkọ mi dé láti Ìjẹ̀bú-Òde láti wá lo ìgbà ooru lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì ti sọ ọ́ gbangba pé àwọn kò ní máa jókòó ti tẹlifíṣọ̀n títí ọjọ́ ìpadàlọ yóò fi pé. Wọ́n rí àwòrán Rothenburg ob der Tauber nínú kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri wa, ìlú àtijọ́ kan ní Bavaria nílẹ̀ Jámánì tí odi ṣì yí ká, wọ́n ní ibẹ̀ ni kí á mú àwọn lọ. Àwọn ọmọ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọn kò sì jẹ́ ká sinmi mọ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé orúnkún ń dun Màmá. Wọ́n lè rìn dáadáa lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn gíga kì í bá wọn lára mu. Àkọ́bí wa jẹ́ ọmọ ọdún 11, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 8, àbígbẹ̀yìn kò tíì ju ọmọ ọdún 2 lọ, inú kẹ̀kẹ́ la ṣì ń gbé e sí. A kò ní mọ́tò. Ṣé a lè fi ọkọ̀ ojú irin lọ láàárọ̀ kí á sì padà lálẹ́ ọjọ́ kan náà, àbí kí á sùn síbẹ̀? Ṣé ọmọdé lè gun orí odi náà? Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ wa sọ́nà.

Kọ́lá (Nürnberg)

Ẹ kú àlejò Màmá o. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ sùn síbẹ̀. Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ti máa ń já àwọn àlejò sílẹ̀, tí Marktplatz, gbàgede ọjà àárín ìlú, yóò sì kún débi pé ẹ ó máa bẹ ènìyàn kí ẹ tó rí àyè ti kẹ̀kẹ́ ọmọ kọjá. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, púpọ̀ nínú wọn á ti padà lọ, ìlú á sì ku àwọn onílé àti àwọn tó gba yàrá níbẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ ó rí ohun tí ẹ wá wò. Ọlọ́dẹ òru kan máa ń jáde ní Marktplatz nírọ̀lẹ́, ó wọ aṣọ dúdú gígùn, ó gbé fìtílà àti ọ̀kọ̀ dání, ó sì ń kó àwọn àlejò káàkiri òpópónà, ó ń sọ ìtàn ìlú fún wọn. Aago mẹ́jọ ló ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe é, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ló ń fi ti Jámánì ṣe é.

Ní ti ọkọ̀ ojú irin, ẹ gba Würzburg lọ sí Steinach, níbẹ̀ ni ẹ ó ti wọ ọkọ̀ kékeré tó ń lọ sí Rothenburg, kò sì gbà ju bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Láti ibùdókọ̀ sí Rödertor, ẹnubodè ìhà ìlà-oòrùn, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ẹ ra Bayern-Ticket kan ṣoṣo, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan fún ilẹ̀ Bavaria, gbogbo yín lè jọ lò ó.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Heidelberg)

Ẹ má bínú, Kọ́lá, n kò fara mọ́ èyí. Fún ẹni tí orúnkún ń dùn, ilé ìtura inú odi ni wàhálà gan-an. Ilé àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, òfin kò sì gbà kí ẹni tó ni wọ́n dédé da ògiri wó láti fi ẹ̀rọ agbéniròkè sí i, nítorí náà àtẹ̀gùn tóóró tó ń yí bírí ni àlejò yóò gùn. Nígbà tí àwa lọ, òkè pátápátá ni wọ́n fún wa ní yàrá, bàbá mi sì kọ̀ láti tún sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun alẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti fi agbára káká gòkè. Bí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ béèrè fún yàrá ìsàlẹ̀ kí ẹ tó sanwó, tàbí kí ẹ sùn sí ẹ̀yìn odi, nítòsí ibùdókọ̀, níbi tí àwọn ilé ìgbàlódé wà.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ lọ kí ẹ sì bọ̀. Ìlú kékeré ni, gbogbo olùgbé rẹ̀ kò ju bí 11,000 lọ, àwọn tó ń gbé ẹ̀yìn odi sì wà nínú iye yẹn. Wákàtí mẹ́fà tó láti rí ohun tó ṣe kókó.

Bàbá Táíwò (München)

Ọ̀rọ̀ odi ni mo fẹ́ dáhùn, torí òun ni Màmá ń bá lọ. Ọ̀nà tóóró kan wà lókè lára odi náà, ní ìhà inú, tí wọ́n fi òrùlé bò, èyí tí àwọn ará ìlú ń gbà ṣọ́ ìlú wọn láyé ogun. Ẹ ó gun àtẹ̀gùn òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè, ó sì ga ju àtẹ̀gùn ilé lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti dé òkè, ọ̀nà náà tẹ́jú lọ gbọnrangandan. Ọwọ́ kan ni odi pẹ̀lú àwọn ihò tóóró tí wọ́n ń gbà ta ọfà, ọwọ́ kejì ni igi ìdìmú, ẹ ó sì máa wo ọgbà àti aṣọ tí àwọn onílé sá sẹ́yìnkùlé wọn. Bí ẹ bá pàdé àlejò mìíràn, ẹnì kan ní láti fẹ̀yìn ti ògiri kí ẹnì kejì tó kọjá, ẹni tó bá sì ga gbọ́dọ̀ máa tẹrí ba fún igi òrùlé. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí aago ìṣílẹ̀kùn. Kẹ̀kẹ́ ọmọ kò lè débẹ̀ láéláé, nítorí náà ẹ mú ọ̀já dání, kí ẹ pọn àbígbẹ̀yìn. Àwọn ọmọ méjì yòókù á gbádùn rẹ̀ ju gbogbo ohun mìíràn lọ.

Kí Màmá má gòkè. Ẹ mú wọn gba Herrngasse lọ sí Burgtor, ẹnubodè ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ẹ fi àwòrán orí òkúta tó wà lókè rẹ̀ hàn wọ́n: láti ẹnu orí yẹn ni wọ́n ti ń da ọ̀dà gbígbóná lé ọ̀tá lórí. Ẹ tún fi ilẹ̀kùn kékeré tó wà nínú ilẹ̀kùn ńlá hàn wọ́n, tí ẹnì kan ṣoṣo lè rá kọjá, kí ọ̀tá má baà rọ́ wọlé lóru. Ẹni tó dàgbà sí Ìjẹ̀bú kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé iṣẹ́ oníbodè fún òun. Bí ẹ bá ti kọjá níbẹ̀, ẹ ti wọ Burggarten. Ilé olódi ọba ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1356 ló bà á jẹ́, ó ti di ọgbà òdòdó báyìí, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ìjókòó pọ̀ níbẹ̀, àfonífojì odò Tauber sì wà nísàlẹ̀ kedere. Kí Màmá jókòó síbẹ̀ kí àwọn yòókù lọ gun odi.

Ọdún 1274 ni ìlú náà gba òmìnira, tó fi jẹ́ pé abẹ́ ọba ńlá Jámánì nìkan ló wà, kì í ṣe abẹ́ ìjòyè kankan. Ní ọdún 1631, nígbà Ogun Ọgbọ̀n Ọdún, ọ̀gágun Tilly gba ìlú náà, ó fẹ́ jó o, àfìgbà tí olórí ìlú, Nusch, mu wáìnì tó lé ní lítà mẹ́ta tán ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó dárí jì wọ́n. Wọ́n ṣì ń fi aago ọjà ṣe àfihàn rẹ̀: fèrèsé méjì á ṣí, Tilly á yọjú lápá kan, Nusch á gbé ife sẹ́nu lápá kejì. Bí ẹ bá lágbára, ẹ lè yí ìlú náà po lórí odi.

Olùkọ́ Ìtàn (Leipzig)

Bàbá, ẹ ṣeun fún àlàyé odi, ó ṣe kedere. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, kí n sì tún díẹ̀ ṣe. Ẹ kò lè yí Rothenburg po lórí odi. Ọ̀nà tó ní òrùlé yẹn pọ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn, àríwá àti gúúsù; ní ìhà ìwọ̀-oòrùn tó kọjú sí àfonífojì, ilẹ̀ ni ẹ ó rìn. Ẹni tó bá sọ fún àwọn ọmọ pé wọ́n á yí i po, òun náà ni yóò dáhùn nígbà tí ọ̀nà bá dópin.

Ọ̀rọ̀ wáìnì yẹn, àlọ́ ni. Lóòótọ́ ni Tilly gba ìlú náà ní 1631, ṣùgbọ́n eré orí ìtàgé tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1881 ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, ọdún 1910 ni wọ́n sì fi ère méjèèjì yẹn sí ẹ̀gbẹ́ aago. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ bí àlọ́, ó dùn. Ohun tó gba ìlú náà là lẹ́yìn ogun ni òṣì. Owó tán, òwò kúrò, kò sẹ́ni tó lè wó ilé àtijọ́ kọ́ tuntun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà títí wọ́n fi bọ́ sábẹ́ Bavaria ní 1802, tí àwọn ayàwòrán sì wá ṣàwárí ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ó tún yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa ohun tó jẹ́ àtijọ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1945, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí ìhà ìlà-oòrùn ìlú náà. Ilé tó lé ní 300 ló run, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ mẹ́sàn-án àti odi tó lé ní 600 mítà. John McCloy, tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ mínísítà ogun Amẹ́ríkà, tí ìyá rẹ̀ ti ṣàbẹ̀wò síbẹ̀ rí, ni kò jẹ́ kí wọ́n fi àgbá ogun parí èyí tó kù, ọ̀gágun Jámánì tó wà níbẹ̀ náà sì tàpá sí àṣẹ Hitler, ó fi ìlú sílẹ̀ láìjà. Nítorí náà, odi tí ẹ ó gùn ní ẹ̀gbẹ́ Rödertor, àtúnkọ́ ni apá púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó dá owó láti òkè òkun ló mú kó ṣeé ṣe, a sì fi òkúta kékeré tí orúkọ wọn àti iye mítà tí wọ́n san owó rẹ̀ wà lára rẹ̀ sínú odi. Ẹ ní kí àwọn ọmọ wá orúkọ tó ti ibi jíjìnnà jù wá. Ó máa ń mú wọn rìn láìkùn.

Ìyá Àdùkẹ́ (Offenbach)

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí Màmá létí, wọ́n ní kí ẹni tó mu lítà mẹ́ta wáìnì lọ sinmi. Àkọ́bí mi ti rí i lórí ayélujára pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà níbẹ̀ fún ìjìyà ọ̀daràn àtijọ́, ó ní àfi dandan. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí nítorí àbúrò rẹ̀. Kí ni ẹ rò?

Àǹtí Bísí (Stuttgart)

Kriminalmuseum ni, àwọn ọmọ tèmi rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ju pé kí wọ́n sunkún lọ. Púpọ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe fún pípa ènìyàn, fún ìdójútì ni. Ìbòjú irin wà tó ní etí ńlá àti ahọ́n gígùn fún àwọn olófòófó. Igi kan tí wọ́n fi ń há àwọn obìnrin méjì tó ń jà mọ́ra lọ́rùn títí wọn yóò fi parí ìjà. Fèrè tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn olórin tí kò mọ orin kọ. Àti àgò tí wọ́n fi ń ri alábúrẹ́dì tó bá ta búrẹ́dì tí ìwọ̀n rẹ̀ kò pé sínú omi. Ọmọ ọdún 8 á lóye gbogbo èyí, á sì máa fi halẹ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Heidelberg)

Àǹtí, ẹ kò sọ̀rọ̀ nípa àga tí wọ́n kan ìṣó yí ká àti àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn. Èyí kì í ṣe ẹ̀rín. Kí bàbá wọn mú àkọ́bí wọlé, kí ìyá mú kékeré lọ jẹ áísìkiriìmù.

Àǹtí Bísí (Stuttgart)

Ẹni tó bá ń wo fíìmù lálẹ́ lórí fóònù bàbá rẹ̀ ti rí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìyá ló mọ ọmọ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí Màmá rí ni pẹpẹ Ẹ̀jẹ̀ Mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Jakob, tí Tilman Riemenschneider gbẹ́ láàárín 1500 sí 1505. Igi lásán ni, kò fi ọ̀dà kùn ún, síbẹ̀ ẹ lè ka iṣan ọwọ́ àwọn àpọ́sítélì. Júdásì ló gbé sí àárín Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, kì í ṣe Jésù. Àtẹ̀gùn wà kí ẹ tó dé ibẹ̀, torí òkè ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló wà. Kí wọ́n máa fi sùúrù gùn ún, èyí tọ́ sí ìrora díẹ̀. Àtẹ̀gùn ilé ìṣọ́ gbọ̀ngàn ìlú ní tirẹ̀ lé ní 200, òkè rẹ̀ sì há gan-an. Ti àwọn ọmọ ni ìyẹn.

Ṣẹ́gun (Augsburg)

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Rothenburg nìkan ni ìlú olódi tó wà. Bí odi bá ni Màmá fẹ́ rí, Nördlingen ni kí ẹ lọ. Odi rẹ̀ pé pérépéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí róbótó, ó gùn tó kìlómítà 2.7, òrùlé bò ó jálẹ̀, ẹ sì lè yí i po láti ẹnubodè kan padà sí ẹnubodè kan náà láìsọ̀ kalẹ̀. Ẹnubodè márùn-ún ló ní. Ilẹ̀ ìlú náà tẹ́jú, nítorí náà bí Màmá kò bá gòkè, wọ́n lè máa rìn ní ẹsẹ̀ odi lábẹ́ yín, kí ẹ máa juwọ́ sí ara yín. Àwọn bọ́ọ̀sì àlejò kò pọ̀ níbẹ̀ bíi ti Rothenburg, àwọn ènìyàn ń gbé ìgbé ayé wọn, ẹ ó sì rí ìyá àgbà tó ń ra kárọ́ọ̀tì lọ́jà.

Ohun tó máa ya àwọn ọmọ yín lẹ́nu ni pé inú kòtò tí òkúta ńlá kan láti ojú ọ̀run gbẹ́ ni ìlú náà wà. Ó jábọ́ ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 15 sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ kan kòtò náà sí èkejì sì tó nǹkan bí kìlómítà 25. Títí di nǹkan bí 1960, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òkè oníná ló ṣe é, kí àwọn onímọ̀ nípa òkúta méjì, Eugene Shoemaker àti Edward Chao, tó fi ẹ̀rí òkúta hàn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òkúta tí ìjábọ́ yẹn yọ́ pọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì St. Georg, àwọn dáyámọ́ńdì tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ sì wà nínú rẹ̀. Ní 1970, àwọn arìnrìn-àjò ojú òfurufú Amẹ́ríkà ti Apollo 14 wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkúta níbẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí òṣùpá, òkúta òṣùpá gidi kan sì wà ní Rieskrater-Museum. Ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, tí wọ́n ń pè ní Daniel, ga tó 90 mítà, àtẹ̀gùn rẹ̀ tó 350. Láti òkè, ẹ ó rí òrùlé pupa tí odi yí ká, ẹ ó sì tún rí etí kòtò náà tó yí odi ká. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí òru, olùṣọ́ ṣì máa ń pariwo láti òkè ní gbogbo ìdajì wákàtí.

Bàbá Táíwò (München)

Òótọ́ ni Ṣẹ́gun sọ nípa odi. Ṣùgbọ́n àwòrán Rothenburg ni Màmá rí nínú kàlẹ́ńdà, ẹ má fi ìlú mìíràn rọ́pò rẹ̀ fún wọn. Dinkelsbühl náà wà láàárín ìlú méjèèjì, odi rẹ̀ àti ẹnubodè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, bọ́ǹbù kò sì bà á jẹ́ nígbà ogun.

Ìyá Ṣadé (Würzburg)

Kọ́lá, ẹ fẹ́ sọ wọ́n sínú gbèsè. Ìpínlẹ̀ Hessen ni Offenbach wà, kì í ṣe Bavaria, Bayern-Ticket kò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ra èyí tí yóò gbé wọn dé ilẹ̀ Bavaria ná. Yàtọ̀ sí èyí, láti Monday sí Friday, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ìyá àti bàbá bá ní Deutschlandticket, tíkẹ́ẹ̀tì oṣooṣù fún àwọn ọkọ̀ agbègbè káàkiri Jámánì, ó dára, àbígbẹ̀yìn kò ní sanwó, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ méjì tó ti lé ní ọdún 6 nílò tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn, Màmá náà bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì fi Deutschlandticket wọ ICE, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré jù. Láìsí ICE, ìrìn náà yóò lé ní wákàtí mẹ́ta, ẹ ó sì sọ̀ ní Würzburg àti ní Steinach pẹ̀lú kẹ̀kẹ́, àpò àti Màmá. Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, mo á háyà mọ́tò: òpópónà A3, lẹ́yìn náà A7, ìlú náà kò jìnnà sí ojú ọ̀nà.

Ẹ mú owó ẹyọ dání fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti fún ọlọ́dẹ òru. Ẹ ó rí Schneeballen nínú gbogbo fèrèsé ṣọ́ọ̀bù: ṣinṣín gígùn ni, tí wọ́n ká jọ bíi bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó dín in, tí wọ́n sì da ṣúgà tàbí ṣokoléètì lé. Ọ̀kan tó fún ènìyàn mẹ́rin, ó gbẹ fúrúfúrú.

Olùkọ́ Ìtàn (Leipzig)

Bí mọ́tò bá ni ẹ máa gbé, ẹ wọlé láti ẹnubodè Galgentor, kí ẹ dúró díẹ̀ ní ilé ìṣọ́ Weißer Turm. Ọgbà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi sọrí Rábì Meir, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé Júù tó lókìkí jù lọ láyé rẹ̀. Rothenburg ló ti ń kọ́ni. Ọba Rudolf fi í sẹ́wọ̀n ní 1286, inú ẹ̀wọ̀n ló kú sí ní 1293, ọdún 1307 ni wọ́n tó fi owó gba òkú rẹ̀ kí wọ́n lè sin ín ní Worms. Wọ́n lé àwọn Júù kúrò ní ìlú náà ní 1520. Àwọn tó padà wá lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, wọ́n tún lé wọn ní oṣù kẹwàá 1938, ṣáájú òru oṣù kọkànlá ọdún náà tí àwọn Násì jó sínágọ́gù káàkiri Jámánì. Ọmọ ọdún 11 ti tó gbọ́ ìyẹn náà.

Ìyá Àdùkẹ́ (Offenbach)

A ti pinnu o. A ó háyà mọ́tò, a ó sùn sí ilé ìtura tó wà ní ẹ̀yìn odi, yàrá ìsàlẹ̀, mo ti pè wọ́n. Ọkọ mi yóò mú àkọ́bí wọ Kriminalmuseum. Ní ọjọ́ kejì, bí orúnkún Màmá bá gbà, a ó gba Dinkelsbühl lọ sí Nördlingen, torí pé àwọn ọmọ ti gbọ́ òkúta òṣùpá. Níbo ni kí á gbé mọ́tò sí?

Kọ́lá (Nürnberg)

Ibùdó ìgbọ́kọ̀sí wà ní ẹ̀yìn odi, nọ́ḿbà wọn láti P1 dé P5. Ẹ yan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Galgentor. Ẹ má gbé e sí ìhà Spitaltor ní gúúsù, torí láti ibẹ̀ ẹ ó máa ti kẹ̀kẹ́ gun òkè kọjá oríta Plönlein lórí òkúta gbágungbàgun, Màmá kò sì ní gbàgbé rẹ̀. Ní ti Nördlingen, ọ̀nà B25 ni kí ẹ tọ̀ láti Feuchtwangen, ó gba ẹ̀gbẹ́ Dinkelsbühl kọjá.